Kí Ló Pa Á?

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí ìbéèrè kan ti ń tẹ̀ lé mi kiri. Mo lè máa fọ abọ́, kó yọ sí mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, a wà níbi ìpàdé ní ọ́fíìsì wa l'Òkè-Mosàn, l'Abẹ́òkúta, ọ̀gá wa ń ṣàlàyé bí a ṣe máa tètè gba akọ̀wé tuntun sípò ẹni tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbà tí mo máa fi wo ìwé iwájú mi, ohun tí mo ti kọ sí etí rẹ̀ ni: kí ló pa á?

Kì í ṣe ọlọ́pàá ló bi mí ní ìbéèrè yẹn. Bàbá ríwáyà kan, ẹni tó ń tún waya iná ọkọ̀ ṣe, ni, nídìí rélùwéè ní Láfẹ́nwá. Òkú tí wọ́n sì ń bi mí nípa rẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ: rẹsísítọ̀ bílówà ọkọ̀ mi ni, ìyẹn nǹkan kékeré tó ń dín iná fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọkọ̀ kù, ó ti jó, ike ìdí rẹ̀ sì ti yọ́ bí àbẹ́là.

Nọ́mbà mẹ́rin nìkan

Ọkọ̀ mi, tòkúnbọ̀ tó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, ní nọ́mbà mẹ́rin tí èèyàn lè yí bílówà sí. Lóṣù kejì ọdún yìí, kìíní, ìkejì àti ìkẹta dákẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ìkẹrin nìkan ló ṣẹ́kù, ariwo tiẹ̀ sì dà bí ariwo ẹ̀rọ ìlọta. Màámi ni mo máa ń gbé jù nínú ọkọ̀ náà, láti Ọbáńtokò lọ sí kílíníìkì ojú. Bí mo bá yí i sí mẹ́rin, wọ́n á ní òtútù ti ń wọ àwọn léegun, kí n pa á. Bí mo bá pa á, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi bi mí bóyá mo fẹ́ bọ àwọn bí ẹyin ni. Kò sí àárín. Ẹni tó bá mọ ooru oṣù kẹta l'Abẹ́òkúta, tó sì mọ ìyá arúgbó, mọ̀ pé àárín gan-an ni à ń wá.

Oní-AC ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó ní gáàsì ti tán, ó fa rọ́bà rẹ̀ yọ, ó fa gáàsì sí i, ó gba ₦20,000. Nígbà tí mo délé, nọ́mbà mẹ́rin náà ló ṣì ń dá pariwo, àfi pé ó tún wá tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Màámi ní kí n jẹ́ kí àwọn sọ̀ kalẹ̀.

Mi ò bá a jà, torí èmi náà ò mọ̀ nígbà yẹn pé afẹ́fẹ́ tí kò tutù àti afẹ́fẹ́ tí kò jáde, àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí gáàsì bá tán, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́, kò kàn ní tutù ni. Bílówà ò mọ nǹkan kan nípa òtútù. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa ti afẹ́fẹ́ lọ. Bá a bá tan AC, á ti afẹ́fẹ́ gba ara ohun tó tutù kọjá. Bá a bá tan hítà, bílówà kan náà ni á tì í gba ara ohun tí omi gbígbóná inú ẹ́ńjìnnì ń gbà kọjá. Níbí, ta ló ń bá hítà ṣe? Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti yọ rọ́bà omi rẹ̀ dànù látọjọ́ tó ti pẹ́, àfi àwọn awakọ̀ àgbà tí wọ́n mọ̀ pé bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbóná lójú ọ̀nà, hítà àti nọ́mbà mẹ́rin lè bá ọ fa díẹ̀ nínú ooru náà kúrò títí wàá fi ráyè dúró. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà fi mí rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ó ní bílówà tòun náà ti kú rí, ọ̀hún ni wọ́n ń pè ní ìyà: yìnyín ń dì mọ́ gíláàsì iwájú níta, èémí òun ń sọ ọ́ di kùrukùru nínú, òun ò sì rí afẹ́fẹ́ kankan tí òun máa fi lé e.

Lẹ́yìn oní-AC, mo gba ọ̀dọ̀ ọmọ ríwáyà kan lọ, ní ìhà Pánṣẹ́kẹ. Ọmọ náà mọṣẹ́. Bí mo ṣe sọ pé mẹ́rin nìkan ló ń ṣiṣẹ́, kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀: "Rẹsísítọ̀ ni, màdáàmù." Ó tú pijin-hóólù, àpótí kékeré tó wà níwájú ìjókòó èrò, sílẹ̀, ó yọ nǹkan náà, ó fi tuntun sí i. Nọ́mbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jí. Inú mi dùn débi pé mo kàn ń yí i láti ọ̀kan sí mẹ́rin bí ọmọdé.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò. Ọmọ náà ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wa. A ra òmíràn tó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyẹn lo ọjọ́ mọ́kànlá.

Dáírẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo padà lọ, ó wojú mi tàánútàánú. "Màdáàmù, ẹ má náwó yín dànù mọ́. A máa lo rẹsísítọ̀ yìí náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é dáírẹ́ẹ̀tì."

Mi ò mọ ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ràn tó dáírẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ wa. Fáànù rédíétọ̀ ò yí mọ́? Ẹ so ó dáírẹ́ẹ̀tì. Súwíìṣì ilé ti bàjẹ́? Ẹ jẹ́ kí waya kan waya. Fíùsì ń jó léraléra? Ẹ wé irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn, ó tán. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, ó dà bíi pé ẹni tó sọ ọ́ ti bá wa yẹ gbogbo wàhálà tí àwọn òyìnbó dì mọ́ nǹkan sílẹ̀.

Ohun tó so dáírẹ́ẹ̀tì ni nǹkan kékeré kan lára rẹsísítọ̀, tó jẹ́ pé bí ooru bá ti pọ̀ jù, yóò já, iná ò sì ní kọjá níbẹ̀ mọ́. Òun ló ń já tí nọ́mbà mẹ́ta fi ń kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ yìí fi lẹ́ẹ̀dì jó waya mọ́ ọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò wá sí ohun tó lè já mọ́. Mo dúpẹ́ gan-an, mo fún un lówó ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá láìsí wàhálà. Lọ́jọ́ kan tí a dé láti kílíníìkì, Màámi ní kí a yà sí Ìtòkú kí àwọn lè kí àwọn ìyá tí wọ́n jọ ta àdìrẹ nígbà kan. A há sínú gósílóò ní Sápọ́n. Ojú Màámi ò ríran tó bí i ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n imú wọn ń bẹ níbẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, nǹkan ń jó."

Mo ní àwọn tó ń dáná sun ìdọ̀tí ni.

"Àbẹ̀kẹ́, mo ní nǹkan ń jó. Nínú ọkọ̀ yìí ni."

Ìgbà tí mo máa wo ẹsẹ̀ wọn, èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń yọ lábẹ́ pijin-hóólù. Mi ò rántí bí mo ṣe pa ọkọ̀. Ọlọ́kadà kan ló bá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó sì já orí bátìrì. Màámi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú àpò ìwé kílíníìkì wọn láyà, wọn ò bínú, wọn ò sì sọ̀rọ̀. Ó sàn kí wọ́n bínú.

Nídìí rélùwéè

Bàbá yìí ò ní páálí ìpolówó. Ìjókòó ọkọ̀ àtijọ́ kan lábẹ́ àtíbàbà ni ọ́fíìsì wọn, ọmọ iṣẹ́ méjì ló wà lọ́dọ̀ wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ro ẹjọ́ láti orí gáàsì títí dé orí èéfín. Wọn ò gbéra. Wọ́n ní kí ọmọ iṣẹ́ yọ rẹsísítọ̀ náà wá, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn ní ojú oòrùn, wọ́n fi èékánná tó dúdú fún gíríìsì ha waya tí wọ́n jó mọ́ ọn.

"Ìwọ̀nyí mélòó lo ti rà?"

"Ìkẹta rèé, Bàbá, pẹ̀lú èyí tó bá ọkọ̀ wá."

"Ó dáa. Kí ló pa á?"

Mo ní wọ́n ní ayédèrú ni. Bàbá mirí. "Ayédèrú ń bẹ lọ́jà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí èèyàn mẹ́ta bá sùn nínú yàrá kan ní òru mẹ́ta, tí ẹnì kankan nínú wọn ò jí, ṣé àwọn tó sùn la ó máa bá wí, àbí a ó lọ wo inú yàrá?"

Mi ò ní èsì. Wọ́n ní kí n jókòó.

Àlàyé tí wọ́n ṣe fún mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kankan tí mo lọ. Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mẹ́rin ló wọ ọjà bílówà. Ẹni tó bá gba ti nọ́mbà kìíní, oníbodè mẹ́ta ló máa bá lójú ọ̀nà, bí ìgbà tí àwọn Ẹ̀gbá ń gba owó bodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò láyé ọjọ́un. Ìkíní á gba tirẹ̀ nínú ẹrù, ìkejì á gbà, ìkẹta á gbà. Ohun tó máa kù lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá fi máa dé ọjà ò tó nǹkan, bílówà á kàn máa rọra yí ni. Ẹni tó gba ti ìkejì, oníbodè méjì. Ti ìkẹta, ẹyọ kan. Ìkẹrin ò pàdé oníbodè kankan, tààrà ló ń wọlé tòun ti gbogbo ẹrù orí rẹ̀.

"Àwọn oníbodè yẹn ló ń jẹ́ rẹsísítọ̀," Bàbá ní. "Iná tí wọ́n bá sì gbà, wọn kì í kó o pamọ́. Ooru ni wọ́n ń sọ ọ́ dà. Nǹkan kékeré tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ so pa yìí, òun ló di kọ́kọ́rọ́ mú. Bó bá rí i pé ooru ti fẹ́ sun ilé, á ti ilẹ̀kùn. Ọ̀nà mẹ́ta á dí, ti ìkẹrin á ṣí sílẹ̀, torí ìyẹn ò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀."

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé nọ́mbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ló ń júwe ilé ẹni tó kú. Ọmọ Pánṣẹ́kẹ mọ ibi tí a dé yìí. Ibí yìí náà ló sì ti dúró.

"Níbo ni wọ́n gbé rẹsísítọ̀ yìí sí nínú ọkọ̀?" Bàbá tún bi mí.

Mo ní lẹ́yìn pijin-hóólù.

"Lẹ́yìn pijin-hóólù, nínú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Kí ló dé tí wọ́n fi gbé ohun tó ní iná lára sójú afẹ́fẹ́?"

Ó wá yé mi lójijì, mo sì rò pé òun ni Bàbá ti ń dúró dè látàárọ̀. Kí bílówà lè máa fẹ́ ẹ ni. Bílówà ló ń bèèrè iná tó ń mú kí rẹsísítọ̀ gbóná. Bílówà yẹn náà ló sì ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i kó má baà jó. Ẹni tó ń gbé ẹrù lé e lórí náà ló ń nu òógùn ojú rẹ̀. Bí ara ẹni yẹn bá le, kò séwu, rẹsísítọ̀ lè lo ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí bílówà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn: kó máa wúwo láti yí, kó máa fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, kí afẹ́fẹ́ tó ń tì jáde sì máa dín kù. Ẹrù pọ̀ sí i, abẹ̀bẹ̀ sì dẹ́kun. Ìlọ́po méjì ni ìyà yẹn, lórí ẹni kan náà. Rẹsísítọ̀ tó dára jù lọ láyé ò lè là á já.

"Bí ikú ilé ò pani," mo ní.

"Tòde ò lè pani," Bàbá parí rẹ̀, wọ́n sì dìde fún ìgbà àkọ́kọ́.

Lábẹ́ igi máńgòrò

Ṣúkúrúù mẹ́ta ló di bílówà mú lábẹ́ dáṣìbọ́ọ̀dù. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, ewé ló kọ́kọ́ dà lé ọmọ iṣẹ́ lójú. Ewé máńgòrò tó ti gbẹ, òdòdó máńgòrò tó ti di lẹ́búlẹ́bú, eruku ọyẹ́ tó pọ̀ tó láti gbin ẹ̀fọ́ sí. Wọ́n gbọn gbogbo rẹ̀ dànù. Bàbá fi ìka kan ti abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ó yẹ kó yí lọ díẹ̀ kó tó dúró. Tèmi kùn, ó sì dúró lójú ẹsẹ̀, bí màlúù tí wọ́n ń fà lọ sílé ìpẹran. Ewé tó ti há sínú rẹ̀ fún ọdún mélòó kan ti jẹ́ kó máa yí ségesège, ìdí rẹ̀ ti jẹ, ọ̀rá inú rẹ̀ ti gbẹ.

Wọ́n so ó mọ́ bátìrì, wọ́n fi mítà sáàárín. Ó ń fa iná 26 áńpù. Wọ́n gbé bílówà tòkúnbọ̀ kan tí a rán ọmọ iṣẹ́ lọ mú wá, wọ́n so ìyẹn náà: 16. Bàbá ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn yí ojú mítà sí mi kí n fi ojú ara mi rí i.

Nígbà tí à ń dúró kí ọmọ iṣẹ́ padà dé ni wọ́n ti kọ́ mi ní àwọn nǹkan yòókù, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kà á tí ọkọ̀ yín ń ṣe irú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé nọ́mbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dákẹ́, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹsísítọ̀. Fíùsì, rílé (súwíìṣì tí iná ń tan) àti waya tó wọlẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ìwọ̀nyẹn bá pé, ẹ fi ọwọ́ gbá ìdí bílówà díẹ̀. Bó bá jí, tó tún kú lọ́la, kábọ̀n tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀ ló ti jẹ tán, ẹ máa wá owó òmíràn. Bí nọ́mbà kan ṣoṣo bá kú, tí àwọn yòókù sì ń ṣiṣẹ́, ẹ wo súwíìṣì tàbí oníbodè kan pàtó. Àwọn ọkọ̀ tuntun tó ń dá yan ìtutù fúnra wọn ò lo irú ètò yìí rárá, ẹ má fi ti àtijọ́ wò ó. Bí ike tí wọ́n ki waya bọ̀ bá ti yọ́, ẹ gé e dànù, kẹ́ ẹ fi waya tó nípọn bákan náà rọ́pò rẹ̀, torí ojú ibẹ̀ tí kò rinlẹ̀ mọ́ á máa gbóná fúnra rẹ̀, á sì tún pa tuntun. Ẹnikẹ́ni tó bá sì sọ dáírẹ́ẹ̀tì sí yín létí, ẹ dìde ńlẹ̀.

Wọ́n bi mí níbi tí mo ń gbé ọkọ̀ sí. Mo sọ fún wọn pẹ̀lú ìgbéraga: lábẹ́ igi máńgòrò ńlá tó wà lẹ́nu géètì wa, kí oòrùn má baà pa á. Bàbá wo ihò tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, níbi tí wáípà sùn sí. Ibẹ̀ ni bílówà ti ń mí. Wọ́n wá ki ọwọ́ bọ ibi tó yẹ kí fílítà tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ wà. Ó ṣófo. Mo rántí: mẹkáníìkì kan ló yọ ọ́ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó ní ó ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Òótọ́ sì ni. Ó ti dọ̀tí ni, òun ló fi ń dí i lọ́wọ́. Dípò kí a ra òmíràn, a yọ ẹ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, a sì ń dúpẹ́ pé ilé ti fẹ́ yẹ́ẹ́.

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín ìtìjú. Ìtura tí mo ń wá fún ọkọ̀ lábẹ́ igi ló ba ìtura inú ọkọ̀ jẹ́.

Ẹni mẹ́ta

Mo lè dá ìtàn yìí dúró síbí, ọ̀pọ̀ nínú yín ì bá sì ti rí ohun tẹ́ ẹ wá. Ṣùgbọ́n bílówà kọ́ ló ń jẹ́ kí n máa jí lóru.

Láti ọdún tó kọjá, ẹni mẹ́ta la ti gbà tó ń gbé pẹ̀lú Màámi láti máa tọ́jú wọn. Àkọ́kọ́ lo oṣù mẹ́rin. Ìkejì lo márùn-ún. Ìkẹta, ọmọbìnrin kan tí ara rẹ̀ balẹ̀ gan-an, palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ní ìdájí ọjọ́ kan, ó fi kọ́kọ́rọ́ sórí fíríìjì, ó lọ. Gbogbo wa nínú ẹbí la jọ sọ ohun kan náà: ọmọ ayé òde òní ò fẹ́ ṣiṣẹ́. Èmi gan-an ni mo sọ ọ́ kíkan jù. Mo ti ń wá ìkẹrin nígbà tí Bàbá yẹn bi mí ní ìbéèrè wọn.

Lálẹ́ Sátidé tí mo gbé ọkọ̀ dé láti Láfẹ́nwá, mo lọ sùn sí yàrá Màámi. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n jí mi nígbà márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀kan, ojú ń yún wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n fẹ́ tọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n gbọ́ ohùn bàbá wa, ẹni tó ti kú tipẹ́. Ìkẹyìn, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣì wà níbẹ̀ ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jágbe mọ́ ọmọ mi nítorí ṣíbí tó já bọ́. Alẹ́ kan péré nìyẹn. Àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí ń ṣe é lójoojúmọ́, láìsí ọjọ́ ìsinmi, a sì máa ń ní ṣebí Màámi ń sùn lọ́sàn-án, kí àwọn náà sùn nígbà náà. Ọ̀sán tí wọ́n ń fọṣọ, tí wọ́n ń se oúnjẹ, tí wọ́n ń lọ gba oògùn.

A tiẹ̀ ṣe dáírẹ́ẹ̀tì fún ìkẹta. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ní orí ń fọ́ òun, mo ra oògùn ẹ̀fọ́rí fún un, a sì fi ₦5,000 kún owó rẹ̀. Nǹkan kan ń wí fún wa pé ooru ti pọ̀ jù, a jó waya mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Àwa ò tiẹ̀ mọ èwo ni ẹ̀tẹ̀.

Èèyàn kì í ṣe waya, mo mọ̀. Màámi náà kì í ṣe bílówà tó jẹ. Ara wọn ló ń darúgbó, kò sí ẹ̀bi kankan ńbẹ̀. Ibi tí òwe mi ti rinlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ abẹ̀bẹ̀ yẹn. A gbé ẹrù lé èèyàn kan lórí, kò sì sí ẹnì kankan nínú ilé tó ń fẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde ń fi owó ránṣẹ́. Àbúrò tó wà ní Kánádà ń fi fídíò ránṣẹ́. Èmi ni nọ́mbà mẹ́rin ilé wa: bí mo bá dé, ariwo ni, àṣẹ ni, gbogbo nǹkan á yí gìrìgìrì, bí mo bá lọ, ilé á dákẹ́, èèyàn kan á kù síbẹ̀ pẹ̀lú òru. Wọ́n sì máa ń yìn mí pé èmi nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Mo pe ìkejì lórí fóònù láti bẹ̀ ẹ́, kò gbé e. Ìkẹta gbé e. Mo ti múra ọ̀rọ̀ gígùn sílẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka á bí ẹni ń ka ìwé. Ó dá mi dúró. Ó ní, "Àǹtí, mi ò bínú sí yín. Oorun ni mo kàn fẹ́ sùn."

Ètò tí a ṣe ò dán mọ́rán. Ẹni méjì la gbà báyìí, ọ̀kan fún ọ̀sán, ọ̀kan fún òru. Àbúrò mi ló ń san ti òru. Alẹ́ Sátidé jẹ́ tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á máa wá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ó ti wá lẹ́ẹ̀kan. A ṣì ń bá a sọ ọ́. Ní ti akọ̀wé ọ́fíìsì wa, mo bi ọ̀gá mi ní ìbéèrè yẹn níkọ̀kọ̀ lẹ́yìn ìpàdé. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ yí. Wọ́n ní, "Ta ló kú?"

Bílówà ti lé ní oṣù kan báyìí, rẹsísítọ̀ rẹ̀ wà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, fílítà tuntun wà níbẹ̀, Bàbá sì bá mi ta nẹ́ẹ̀tì bo ihò abẹ́ wáípà. Mi ò gbé ọkọ̀ sábẹ́ máńgòrò mọ́. Inú oòrùn ló ń sùn, débi pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí Màámi fẹ́ wọlé ká máa lọ sí kílíníìkì, wọ́n fi ọwọ́ kan ìjókòó, wọ́n yọ ọ́ kíá, wọ́n ní ṣé ọkọ̀ nìyí ni àbí ààrò. Mo ṣí gbogbo wíńdò, mo dúró kí ooru jáde, mo tan AC, mo yí bílówà sí mẹ́rin.

A ò tíì dé Asérò tí wọ́n fi fa aṣọ wọn mọ́ra.

"Àbẹ̀kẹ́, dín in kù. Má pa á o. Dín in kù."

Mo yí i sí méjì. Kò sí ariwo mọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Màámi na ọwọ́ sí ẹnu ihò rẹ̀, wọ́n fi í síbẹ̀ pẹ́, láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń fẹ́.